Ọkàn Tí Kò Lágbára àti Iṣẹ́ Abẹ Ìdín-ara-kù: Ta Ni Ó Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Bi?

  

Ìbéèrè kan ti ń lọ, ó ti ń bọ̀, láàárín àwọn òbí ọmọ ilé kéwú wa ní Adó láti bí oṣù mélòó kan. Obìnrin kan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe àárẹ̀ láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, ó sì sanra débi pé kò lè rìn dé mọ́sálásí àdúgbò láìdúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ní òun yóò san owó kí ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín ara kù ní Tọ́kì. Àáfà kan ní hàráámù pọ́ńbélé ni, pé yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Ìyá wọn ní ìsanra kò pa ẹnikẹ́ni rí ní ìdílé àwọn. (Mo ti yí àwọn àmì inú ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹni tí mò ń sọ kiri.)

Ní tèmi o, ẹni tó ní kó lọ àti ẹni tó ní kó má lọ, àwọn méjèèjì ló kánjú. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì béèrè bí ọkàn obìnrin náà ṣe ń lù. Bí a kò bá sì mọ ìyẹn, ìdájọ́ ẹ̀sìn gan-an kò tíì ṣeé mú jáde, nítorí pé orí ewu ni ìdájọ́ náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àáfà, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó jábọ́ láti ojú ọ̀run. Nínú Suratun-Nisāi, āyat 119, Ọlọ́hun sọ fún wa pé èṣù ti búra pé òun yóò pa ẹ̀dá láṣẹ kí wọ́n máa yí ohun tí Ọlọ́hun dá padà. Nínú hádíìsì Ibn Masʿūd tó wà nínú Bukhārī àti Muslim, ègún wà lórí àwọn tó ń fín ara àti àwọn tó ń rẹ́ eyín wọn nítorí ẹwà. Àwọn onímímọ̀ ti dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ "nítorí ẹwà" yẹn. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é nítorí àìsàn tàbí àléébù kò sí lábẹ́ ègún náà. Ẹ̀rí wọn tó lágbára jù ni ti ʿArfajah ọmọ Asʿad. Wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kulāb kí Ìsìláàmù tó dé, ó fi fàdákà ṣe òmíràn, fàdákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Ànábì sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Wúrà tí ó jẹ́ hàráámù fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni o! Abū Dāwūd àti Tirmidhī ló gbà á wá. Nítorí náà, ẹni tó bá pe gbogbo abẹ tí wọ́n fi kan ara ní "yíyí ìṣẹ̀dá padà" ti sọ ju ohun tí ẹ̀sìn sọ lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ ìsanra gan-an, àwọn àgbà ti jókòó sọ ọ́. Ní oṣù keje ọdún 2007, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Ìsìláàmù Àgbáyé, èyí tó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ṣe ìjókòó rẹ̀ kejìdínlógún ní Putrajaya, ní Malaysia, wọ́n sì gbé ìpinnu jáde lórí iṣẹ́ abẹ tó kan ẹwà. Ohun tí wọ́n sọ lórí dídín ara kù ni pé ó tọ́ láti fi ọ̀nà ìṣègùn tí a fọwọ́ sí ṣe é, títí kan iṣẹ́ abẹ, bí ìsanra náà bá ti di àìsàn, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju abẹ lọ, àti bí a bá ti fọkàn balẹ̀ lórí ewu rẹ̀. Obìnrin tí à ń sọ yìí, ó ṣeé ṣe kí ó ti kúnjú ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní kíá. Bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ń fẹ́ ìwádìí. Ibi ìkẹta ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti há, torí pé ewu ẹni tí ọkàn rẹ̀ le koko àti ewu ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Kí ni iṣẹ́ abẹ yìí ná? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ "abẹ ìdín-ara-kù", a sì rò pé ọ̀rá ni wọ́n ń fà jáde lábẹ́ awọ. Rárá. Fífa ọ̀rá jáde jẹ́ iṣẹ́ ẹwà, kì í wo àtọ̀gbẹ, kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ìwòsàn ìsanra kan àpòlúkù fúnra rẹ̀, àpò tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Nínú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n máa ń gé ìwọ̀n 75 sí 80 nínú 100 àpò náà sọnù, ìyókù á dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré. Ohun tí wọ́n gé kì í padà wá. Nínú irú kejì, wọ́n á sọ òkè àpò náà di kékeré, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, kí oúnjẹ fo apá kan kọjá. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Fún ẹni tí ó sanra kọjá ààlà ṣùgbọ́n tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára, ní ilé ìwòsàn tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tó ń kú sí i láàárín oṣù kan kò tó ẹnì kan nínú 100. Ìyẹn ni àwọn tó ń polówó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára máa ń sọ, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àwọn tí ọkàn wọn dára ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kà.

A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ Stella Ọbásanjọ́, aya ààrẹ ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 ló kú ní Spain, inú ààwẹ̀ Ramadan la wà, ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ òfuurufú Bellview já ní Lísà. Kò pé ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ ẹwà ló lọ ṣe, fífa ọ̀rá inú ikùn, kì í sì í ṣe ọkàn rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀: irin tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá ló wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ó lu ìfun ńlá, ó sì fa ẹ̀dọ̀ ya. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ní Spain dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì ní kí ó san 120,000 yúrò. Mo mú un wá torí pé ìlú tó lajú ni, owó wà, dókítà wà, àìsàn tó ń lé e kò sí. Tó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé owó wà ní báńkì. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn pé láti ọdún 2019, ó ju 20 ènìyàn lọ nínú wọn tó ti kú lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣe ìtọ́jú ní Tọ́kì. Dókítà gidi pọ̀ ní Tọ́kì o. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín láti orí fóònù ni ẹ kò mọ̀.

Ọkàn wá ńkọ́? Mo jókòó bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì kà á, kí n tó kọ èyí. Ní ìlù kọ̀ọ̀kan, ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń tú ìwọ̀n 55 sí 70 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá rẹ̀ ńlá jáde. Bí ó bá ti lọ sí 40 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn dókítà á ní agbára rẹ̀ ti dín. Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ibùsùn abẹ. Oògùn akunnilóorun máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí ó wú sókè, kí irin iṣẹ́ lè ráyè. Afẹ́fẹ́ yẹn á tẹ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọkàn á sì máa fi agbára lọ́po méjì ṣiṣẹ́. Wọ́n á máa fa omi sí i lára: bí ó bá pọ̀ jù, á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, bí ó bá kéré jù, kíndìnrín á jìyà. Lẹ́yìn abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ kí ó sì gòkè. Ibi tí wọ́n rán lè jò. Ọkàn tó lágbára á fara da ọjọ́ burúkú kan. Ọkàn tí kò ní àṣẹ́kù agbára, ọjọ́ burúkú kan náà tó o.

Nǹkan kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n tó gòkè lára aláìsàn ọkàn ni ọ̀rá. Nígbà tí ọkàn kò bá lè gbé ẹ̀jẹ̀ kiri dáadáa, omi á máa dúró sí ẹsẹ̀, sí ikùn, sí ẹ̀yìn. Ẹ tẹ ojúgun rẹ̀, ìka yín á ṣe kòtò níbẹ̀. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò méjì gòkè láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò jẹ iyán jù, omi ló ń gbé. Ṣé ẹ rí i pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ gé àpòlúkù, wọ́n ti wo àìsàn mìíràn sílẹ̀ fún tirẹ̀? Oògùn tó ń mú un tọ̀ àti dídín iyọ̀ kù ló ń fẹ́ ní kíákíá, kí a tó mọ iye ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ gan-an. Àìsàn ọkàn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kẹ́yìn oyún tàbí oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ sì pọ̀ ní Nàìjíríà, apá Àríwá wa wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù láyé. Nítorí náà, obìnrin tó bímọ tán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn gbalaja torí èémí, ẹ má kàn máa sọ fún un pé ó ti di ìyá ńlá.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe láéláé. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe é fún àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ gan-an, títí dé orí àwọn tó ń dúró de ọkàn tuntun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi kì í fẹ́ pààrọ̀ ọkàn fún ẹni tó sanra jù. Àwọn kan fọn, ọkàn wọn sì tún le díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: dókítà ọkàn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi oògùn tún ọkàn náà ṣe fún oṣù mélòó kan, dókítà tó ń kunni lóorun yóò jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọkàn, ibùsùn àwọn tó wà lójú ikú lójú ìyè yóò sì wà ní sẹpẹ́. Kì í ṣe pé kí èèyàn balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n gé e ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ti jáde báyìí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, tí àwọn 529 tó sanra kópa nínú rẹ̀, ó dín ara wọn kù, èémí wọn sì já geere sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkàn wọn le gbagidi, tó sì ṣì ń tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa ni wọ́n lò ó fún, kì í ṣe irú ti ọkàn tó ti rọ. Ó wọ́n, ayédèrú rẹ̀ sì ti wà: Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Ta ni yóò wá sọ èyí tó yẹ fún obìnrin wa? Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe àáfà yẹn. Ẹ rántí ọkùnrin tí òkúta ṣá lórí lójú ìrìn-àjò, tí jánábà wá bá a. Ó bi àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bóyá ààyè wà fún òun láti ṣe táyámọ́mù. Wọ́n ní kò sí, níwọ̀n ìgbà tó lè rí omi. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, inú bí i gidigidi, ó ní wọ́n ti pa á, ó sì béèrè pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Jābir ló sọ ọ́, ó wà nínú Abū Dāwūd. Ẹ̀rù hádíìsì yìí máa ń bà mí ju ọ̀pọ̀ lọ. Fátúwà ló pa ọkùnrin náà, omi kọ́. Àáfà tó ní "hàráámù" fún ẹni tí abẹ lè gbà là, àti àáfà tó ní "ẹ lọ, bismillāh" fún ẹni tí abẹ lè pa, inú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Hádíìsì Saʿd ọmọ Abī Waqqāṣ náà tún wà nínú Abū Dāwūd. Àwọn onímímọ̀ hádíìsì kan sọ̀rọ̀ sí okùn rẹ̀, mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀. Saʿd ṣàìsàn, Ànábì bẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó sì sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ló ń dùn ún, kí ó lọ bá Ḥārith ọmọ Kaladah, ará Thaqīf, nítorí pé oníṣègùn ni. Ẹ wò ó: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀, ẹni tí àdúà rẹ̀ ń gbà, tọ́ka aláìsàn ọkàn sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kí wá ni èmi olùkọ́ kéwú ń wá níbẹ̀?

Kò sì pọn dandan kí a kọ́kọ́ sáré lọ sí Èkó. Ní Adó níhìn-ín, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn rí. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, kò jìnnà sí ẹni tó wà ní Ìfàkì tàbí Ìyìn. Àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà láti òkè àyà, tí wọ́n ń pè ní echo, kì í dun ènìyàn, kò ní abẹ nínú, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí owó ọkọ̀ òfuurufú àti abẹ Tọ́kì. Òun ló máa sọ iye tí ọkàn náà ń tú jáde. Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú dání. Abẹ ìsanra fúnra rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni díẹ̀ ní Èkó àti Abuja ń ṣe é.

Èyí tó wá ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni tíì. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí, ẹ ó rí i: tíì tó ń jẹ́ kí ikùn wọlé, kọfí tó ń yọ́ ọ̀rá, kápúsù tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ti tó ilé ọkọ ń mu ún kí ìgbéyàwó tó dé, àwọn ìyá ń mu ún lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀pọ̀ nínú tíì yẹn kò ju ewé ìṣunú lọ, ohun tó ń jáde kì í ṣe ọ̀rá, omi ni, àti èròjà potassium tí ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tó ń mú un tọ̀, tó tún fi tíì lé e, lílù ọkàn rẹ̀ lè dàrú lóru ọjọ́ kan. Nínú àwọn kápúsù àti kọfí kan, wọ́n ti bá sibutramine tí wọ́n fi pamọ́, oògùn tí wọ́n yọ kúrò lọ́jà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 nítorí pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sá fún abẹ tó wá ń mu èyí kò sá fún nǹkan kan. Ànábì sì ti sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Ẹ̀yin arábìnrin wa tó ń tà á, ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀yin ọkọ náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó ń wá abẹ kò wá ìlera, ẹnu ọkọ ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó fẹ́ ẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, tó bímọ mẹ́rin fún un, ni ó ń pè ní dúrọ́ọ̀mù níwájú àwọn ọmọ. Ó sì tún fẹ́ iyán gígún ní alẹ́, ó fẹ́ kí ó bá òun jẹ ẹ́ tán. Ní Èkìtì wa, bí ènìyàn bá sanra, a ó ní owó ti dé. Bí ó bá fọn, a ó ní àìsàn ló ń ṣe é. Àárín méjèèjì yìí la fi àwọn obìnrin wa sí. Hádíìsì Miqdām nínú Tirmidhī, tí Ànábì ti pín ikùn sí ìdá mẹ́ta fún oúnjẹ, omi àti èémí, ọkùnrin àti obìnrin ló wà fún. Kí gbogbo ilé dín iyọ̀ àti máàgì kù lẹ́ẹ̀kan náà ni, ẹ má se ọbẹ̀ aláìsàn lọ́tọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀.

Bí dókítà bá wá ní kí ó ṣe é, tí ọkàn rẹ̀ sì gbà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí ó kọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ó sì sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà tó fẹ́ kùn ún lóorun, títí kan àgbo àti ewé tí ìyá fi ránṣẹ́. Fífi èyí pamọ́ ni mo kà sí ara ohun tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Suratul-Baqarah, āyat 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ìrun kò ní wàhálà: bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó, bí kò bá lè jókòó, kí ó kí i ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀, gẹ́gẹ́ bí hádíìsì ʿImrān ọmọ Ḥuṣayn nínú Bukhārī.

Ààwẹ̀ ló ń fẹ́ àlàyé. Ẹni tí àpòlúkù rẹ̀ ti di kékeré kò lè mu ife omi méjì lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mu ún láti àárọ̀ dé alẹ́, oògùn fítámì sì ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá tún wà lórí oògùn tó ń mú un tọ̀, wákàtí mẹ́tàlá láìmu omi lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́hun ti gba aláìsàn láyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sì ní ìrètí pé yóò lọ, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú oṣù Shaʿbān ni kí ó ti lọ bi dókítà rẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ tí wọ́n bá ti rí oṣù. Kí àwọn ará ilé má sì máa wò ó bí ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́ nígbà tó bá gbé omi sẹ́nu lọ́sàn-án.